Má jẹ́ kí wọ́n dá ọ padà nígbà tí ọmọ rẹ bá pé oṣù 9

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní ọmọ rẹ ọkùnrin ti pé oṣù 5, ọmọbìnrin rẹ jẹ́ ọdún 12, ìyá rẹ sì ti pé ọdún 68, wọ́n fẹ́ lọ Mẹ́kà, wọ́n sì ní kí màmá gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever). O ní ọ̀rọ̀ tí o gbọ́ ní àsàlátù ń dẹ́rù bà ọ́, pé ta ni kó gba àjẹsára, ta ni kó má gbà á. Iléṣà níbí ni èmi náà wà, aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí lórí ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, mo gbà pé ọmọ rẹ ti gbà wọ́n. Ara á gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyẹn ò tó ohun à ń bẹ̀rù. Ti oṣù 9, ti measles (èéyi), ni kó o gbọ́.

Lọ́dún 2017, ọjọ́ tí ọmọ mi pé oṣù 9 gan-an ni mo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan. N ò ní dárúkọ wọn. Àwa ìyá méjì péré la wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní a ò pọ̀ tó. Ìgò measles kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Tí wọ́n bá ti po ó, wákàtí 6 ni, èyí tó bá kù wọ́n á dà á nù. Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Thursday. Mo padà lọ, a di mẹ́rin, ó tún ní a ò tíì pé. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní yìnyín ti tán nínú kúlà. Ìgbà kẹrin tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀, géètì wà ní títì. Ọjà ọdún sì ti wọlé dé, mo ní kí n kọ́kọ́ ta ọjà tán ná.

Ọmọ pé oṣù 11, ara rẹ̀ gbóná. Imú ń dà, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ilé ní eyín ló ń hù. Ọjọ́ kẹrin ni nǹkan wínníwínní yọ lẹ́yìn etí rẹ̀, kó tó di alẹ́ ó ti bo ojú, ó bo àyà. Ìyá ọkọ mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní èéyi nìyí. Wọ́n fi ẹmu pa á lára. Kí n tó ti ọjà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fún omi ewé kan sí i lójú, torí ojú náà ò ṣe é là mọ́. N ò bá wọn jà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe.

Lóru ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí fẹ́hẹ́fẹ́hẹ́, egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé sínú. Ọkọ mi lọ bẹ ọlọ́kadà tó ti sùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò ní wọ́ọ̀dù. Òtútù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu rẹ̀ ti bó, kò lè mu ọmú, ọmú mi wú, mò ń fún un dà sínú ife, mo fi ṣíbí ń kán an sí i lẹ́nu ní díẹ̀díẹ̀, ó ń pọ̀ ọ́ jáde. Wọ́n gé orí kóró Vitamin A aláwọ̀ búlúù, wọ́n fún un sí i lẹ́nu, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Dókítà àgbà kan tó wọlé wá wò ó níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò gba abẹ́rẹ́ ọmọ mi lásìkò. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ti bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ọmọ yè, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ funfun wà lójú ọ̀tún rẹ̀ títí di òní, iwájú ló ń jókòó ní kíláàsì.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra wọn ní kí wọ́n ṣí ìgò náà, bó ṣe ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ, mo sunkún. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí! Ìmẹ̀sí-Ilé níbí ni David Morley, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní àwọn ọdún 1950, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ sí. Ó rí bí measles ṣe ń mú ọmọ wa lọ, ó sì kọ ọ́ káyé kà á. Káàdì tí ìyá fi ń mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ibẹ̀ náà ló ti ṣe é. Ẹ wá dá ọmọ tèmi padà nítorí ìgò.

Ìdí tí wọ́n fi ń dúró di oṣù 9 ni pé ààbò tí ọmọ gbà láti ara ìyá rẹ̀ ṣì ń gbógun ti oògùn náà kó tó dìgbà yẹn. Nínú ọmọ 100 tó bá gbà á lóṣù 9, nǹkan bí 85 ló máa ń dáàbò bò. Torí ẹ̀ ni ti oṣù 15 ṣe wà, má fò ó. Ara lè gbóná díẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, nǹkan wínníwínní lè yọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí, àwọn tó ń pariwo ní àsàlátù kì í sọ ọ́. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀, hepatitis B, tó bá wọ ọmọ lára lọ́jọ́ ìbí, nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 10, nǹkan bí 9 ló máa gbé e títí ayé. Tó bá wọ àgbàlagbà, kì í tó 5 nínú 100. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kó tó pé wákàtí 24 láyé. Egbò BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB), ní apá náà ńkọ́, má tẹ̀ ẹ́, má fi Robb pa á, á san fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ, jẹ́ kó gba ti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, HPV. Ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Kó jẹun kó tó lọ, kó jókòó ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀, torí òòyì lè kọ́ irú ọjọ́ orí yẹn.

Mo ti fẹ́ẹ́ gbàgbé màmá. Ibi tiwọn ni mo ti gbà pé kí o ṣọ́ra. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú ti ibà pọ́njú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kì í gbà á rárá. Ẹni tó bá sì ti lé ní 60, tó jẹ́ àkọ́kọ́ gbà rẹ̀, ewu rẹ̀ ga ju ti ọ̀dọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Kọ́kọ́ wá inú àpótí wọn wò. Tí wọ́n bá ti gbà á rí, tí káàdì sì wà, láti 2016 káàdì yẹn ti di ti gbogbo ayé wọn, wọn ò nílò òmíràn. Tí wọn ò bá gbà á rí, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún un. Má ra káàdì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á láìgún abẹ́rẹ́. Ti yírùnyírùn (meningitis) tí Saudi ń béèrè kò ní kòkòrò ààyè nínú, ẹ̀rù tìyẹn ò pọ̀ fún àgbà.

Oṣù mẹ́rin péré ló kù fún ọmọ kékeré yẹn. Tí wọ́n bá ní kí o padà lọ, jókòó. Ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn wá, kó wá ṣí ìgò náà lójú rẹ.