Ẹ Bi Wá: Ẹ̀kọ́ Ìgbaninímọ̀ràn àti Ìlàjà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ti gboyè àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ tẹ̀síwájú sí másítà. Ọkàn mi ń fà sí ìgbaninímọ̀ràn, ó tún ń fà sí ìlàjà. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè irú ẹni tí ẹ fẹ́ máa jókòó tì. Agbaninímọ̀ràn ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú ṣiṣẹ́: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù kì í jẹ́ kó sùn, tọkọtaya tí kò gbọ́ra wọn yé mọ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀rọ̀ kan pàtó ni wọ́n ń gbé wá bá onílàjà: ariwo tí aládùúgbò ń pa lóru, owó ilé, bí òbí méjì tó ti kọ ara wọn yóò ṣe pín ọjọ́ tí ọmọ yóò máa lò lọ́dọ̀ wọn. Onílàjà kì í wo ẹnikẹ́ni sàn, kì í sì í dá ẹjọ́. Àwọn tó ń jà fúnra wọn ló ń pinnu.

Ìwé tí iṣẹ́ méjèèjì ń béèrè kò dọ́gba rárá. Ní Amẹ́ríkà, bí àpẹẹrẹ, agbaninímọ̀ràn kò lè gbàwé àṣẹ iṣẹ́ láìní másítà. Ìlàjà àdúgbò kò rí bẹ́ẹ̀: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nǹkan bí 40 wákàtí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọlé, lẹ́yìn náà wọn a jókòó ti onílàjà àgbà fún ìgbà díẹ̀. Kò di dandan kí ẹ jẹ́ lọ́yà. Community Boards, ètò ìlàjà àdúgbò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 1976, àwọn ará àdúgbò lásán ló ń kọ́ níṣẹ́ náà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ìjà aládùúgbò ni ẹ fẹ́ máa parí, ẹ má tíì náwó sórí másítà. Ẹ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kékeré náà ná, kí ẹ wo bó ṣe bá yín lára mu. Másítà nínú ìparí aáwọ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí, tó fẹ́ kọ́ni, tàbí tó fẹ́ gbé ètò ìlàjà kalẹ̀ fún ilé iṣẹ́.

Ìbéèrè: Ìgbaninímọ̀ràn ni mo mú ní tèmi. Kí ni kí n wò lára ilé ẹ̀kọ́ kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Wákàtí tí ẹ óò lò pẹ̀lú ènìyàn gidi. CACREP, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ní òdiwọ̀n tó ṣe é fi wé ti ibòmíràn: ẹ̀kọ́ 60 kírẹ́díìtì, ìfidánrawò àkọ́kọ́ 100 wákàtí, tí 40 nínú rẹ̀ jẹ́ ojúkojú pẹ̀lú àwọn tó wá gbàmọ̀ràn, lẹ́yìn náà 600 wákàtí lẹ́nu iṣẹ́, tí 240 jẹ́ ojúkojú. Alábòójútó gbọ́dọ̀ máa bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ parí ìwé kíkà, kò rí ibi tí yóò ti ṣe wákàtí rẹ̀. Tàbí ó ríbẹ̀, kó wá jẹ́ pé fáìlì ni wọ́n ní kó máa tò. Ẹ béèrè lórí ìwé ta ni yóò wá ibi iṣẹ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ ni tàbí ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ kí alábòójútó fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ wákàtí yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ sí i, ó ṣòro kí ẹ tó rí wákàtí náà gbà padà. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ óò ti kà á, ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń fúnni láṣẹ níbi tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́, bóyá wọ́n á gbà á.

Ìbéèrè: Yunifásítì kan ṣí ilé ìgbaninímọ̀ràn fún aráàlú, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe é. Ṣé àṣírí mi ò ní tú?

Ìdáhùn: Ẹ lè lọ. Irú ibẹ̀ máa ń dínwó, nígbà mìíràn wọn kì í gba kọ́bọ̀. Alábòójútó máa ń gbọ́ ohun tí ẹ sọ, wọ́n sì lè gba ohùn tàbí àwòrán sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ ka ìwé náà dáadáa, torí ó yẹ kó sọ ibi tí àṣírí dé: bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín tàbí ẹlòmíràn lára, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ẹ tún béèrè ta ni yóò gba iṣẹ́ náà bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá parí sáà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ bọ́ nínú ìṣòro wọn.

Ìbéèrè: Èmi àti aládùúgbò mi lọ síbi ìlàjà. A fọwọ́ síwèé, oṣù kejì ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ìwé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. "A ó máa ṣe jẹ́jẹ́" kì í ṣe àdéhùn. "Láti aago mẹ́wàá alẹ́ ni yóò máa pa ẹ̀rọ orin, bí àríyá bá wà, yóò sọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú" ni àdéhùn. Ẹ kọ ẹni tí yóò ṣe é, ohun tí yóò ṣe, ìgbà tí yóò ṣe é, àti ohun tí ẹ jọ máa ṣe bí kò bá ṣeé ṣe.

Ohun kejì ni ìkánjú. Ìjókòó tó dára máa ń jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tẹnu rẹ̀ tán láìsí ìdílọ́wọ́, kí wọ́n tó to ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí onílàjà tó bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bó bá pọn dandan, kí wọ́n tó wá ojútùú. Ẹni tí wọn ò gbọ́ tẹnu rẹ̀ á fọwọ́ síwèé kó lè kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ẹni tó láṣẹ wà níjòókòó. Bó bá jẹ́ onílé ló lè tún ògiri ṣe, ìlérí ayálégbé lórí ògiri kò lè múlẹ̀. Ẹ lè padà síbi ìlàjà náà kí ẹ tún àdéhùn yín kọ.

Bó bá jẹ́ pé lílù tàbí ìhàlẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má padà sí ìjókòó ìlàjà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè dúnàádúrà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onílàjà ti bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ kó tó pè yín jọ.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń gba èmi àti ọkọ mi nímọ̀ràn ní òun lè ṣe ìlàjà ìkọ̀sílẹ̀ wa. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò dáa. Ó ti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sọ nígbà tí ẹ ń wá ìwòsàn, ẹ ò sì lè retí pé kó gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pín owó àti àkókò ọmọ. Bí ọ̀kan nínú yín bá rò pé ó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kejì, ìmọ̀ràn àti ìlàjà yóò jọ bàjẹ́. Ẹ ní kó júwe onílàjà mìíràn fún yín.