Ejò tí awọ rẹ̀ kò bọ́ tán: ẹ má fà á lójú

Ẹ ní ejò yín bọ́ awọ lánàá, ó já sí wẹ́wẹ́, díẹ̀ ṣẹ́kù sí ìrù, ojú ọ̀tún sì ṣì funfun. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀mú yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe irú rẹ̀ rí, mo sì mọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Erè ni mo ń sìn, irú èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python. Àkọ́kọ́ tí mo ní kò tíì pé ọdún kan nígbà tó bọ́ awọ bíi ti yín yìí gẹ́lẹ́. Awọ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ọn lára bíi bébà, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá jókòó tì í, mo ń bó o díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà lẹ́bàá ọrùn tí kò fẹ́ ṣí. Mo fà á. Awọ tuntun tó wà lábẹ́ ló bá a wá. Ìpẹ́ mẹ́ta ṣí kúrò, ibẹ̀ sì pọ́n bí ẹran tútù. Dókítà ẹranko fún mi ní ìpara, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó jiná, ejò náà kò sì fẹnu kan oúnjẹ ní gbogbo àkókò yẹn. Títí di òní, bó bá ń bọ́ awọ, ojú àpá yẹn ni awọ ti máa ń há.

Ti ojú tún léwu ju ìyẹn lọ. Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Ìpẹ́ kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ló bo ẹyinjú rẹ̀, ìpẹ́ yẹn sì máa ń bá awọ yòókù bọ́ ni. Bó bá ṣẹ́kù sójú, ẹ ò lè fojú lásán mọ ibi tí ti àtijọ́ parí sí àti ibi tí ti tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í fà lè fọ́ ojú ejò náà pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi orí nínú awọ tó bọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e sókè síwájú iná. Bí ẹ bá rí ìpẹ́ roboto méjì tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá, kò sí nǹkan tó ṣẹ́kù sójú. Bó bá jẹ́ pé ihò lẹ bá níbi tí ọ̀kan yẹ kó wà, ó ṣẹ́kù nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tọ́jú ọ̀rinrin inú ilé rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà yóò bá ti ìgbà tó ń bọ̀ jáde. Bí kò bá jáde nígbà náà, tàbí tí ojú wú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ejò. Kí ẹ má fi ti ojú ṣe ìdánwò nílé.

Ṣùgbọ́n ti ìrù kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Awọ tó bá ṣẹ́kù yí ìrù ká máa ń gbẹ, á fún un bí òrùka tó há mọ́ni níka, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá. Bí a kò bá tètè rí i, ṣóńṣó ìrù á dúdú, á kú, á sì já. Ó ṣẹlẹ̀ sí ejò mi kejì, nítorí mi ò yẹ ìrù rẹ̀ wò.

Ohun tí ẹ ó ṣe lónìí nìyí. Ẹ wá ike tó ní ìdérí, ẹ dá ihò sí i, ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, bí 29°C, kó má ga ju ìdajì ara ejò náà lọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ aṣọ ìnura sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un, ẹ fi di ejò náà mú jẹ́jẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ máa gba inú aṣọ náà kọjá. Ìrìn rẹ̀ ni kó fa awọ náà, kì í ṣe ọwọ́ yín. Bí kò bá tán lónìí, ẹ tún un ṣe lọ́la. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Níbo gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́? Níbi ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo. Ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ tó ń wọn ọ̀rinrin, tí mo lẹ̀ mọ́ ara àpótí ejò náà, ń sọ fún mi pé ìdá 60 nínú 100 ni. Nígbà tí mo ra èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, tí mo sì gbé e sí ibi tí ejò ń sùn, ìdá 38 ni mo bá! Gílóòbù tó wà lókè ń gbẹ afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin sì ń gba ojú wáyà ìdérí jáde. Mo bo apá tó pọ̀ nínú wáyà náà, mo pààrọ̀ abọ́ omi sí èyí tó fẹ̀, ó sì gòkè. Fún irú erè tèmi, ìdá 60 dára, kó tó 70 nígbà tó bá ń múra láti bọ́ awọ. Kì í ṣe gbogbo ejò ló fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ wádìí ti irú èyí tí ẹ ń sìn. Ẹ má sì wá sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ẹrẹ̀: bí ikùn rẹ̀ bá wà nínú omi lójoojúmọ́, egbò á yọ sí i, àyà rẹ̀ náà lè ṣàìsàn.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ike kékeré kan tí mo gé ẹnu sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo sì kó tíṣù tútù sínú rẹ̀. Ó kàn tutù ni, bí ẹ bá fún un, omi kò gbọdọ̀ kán. Mo ń pààrọ̀ rẹ̀ kó má baà hu olú. Bí ejò bá ti fẹ́ bọ́ awọ, ibẹ̀ ló ń lọ sùn fúnra rẹ̀.

Ẹ ó mọ àkókò náà: ikùn á pọ́n díẹ̀, àwọ̀ ara á ṣú, ojú á wá dà bí èéfín. Ẹ má gbé e, ẹ má fún un lóúnjẹ, kò ríran dáadáa, ẹ̀rù sì ń bà á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ojú á tún mọ́, àwọn èèyàn á rò pé ó ti parí, wọ́n á palẹ̀ ike tútù mọ́. Kò tíì bọ́ ọ o. Ó tún ku bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ fi òkúta tàbí igi tó rí ṣákaṣàka síbẹ̀, kó lè fi ètè nù ún, nítorí ibi ètè ni awọ ti ń ṣí.

Bí ọ̀rinrin bá pé tí awọ sì tún ń já sí wẹ́wẹ́, ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀bá ojú rẹ̀ bóyá kòkòrò dúdú tíntìntín wà níbẹ̀.

Awọ tó bọ́ dáadáa máa ń jáde lódindi, ní òdì, bí ìbọ̀sẹ̀ tí a fà yọ láti òkè. Ẹ nà án sílẹ̀, ẹ wo ojú méjèèjì, ẹ tẹ̀lé e títí dé ṣóńṣó ìrù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fún un ní eku.