Orin tó ń dẹ́rù bani láti òkè Alps

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ọmọ mi mú orin kan dé láti Ọ́stríà: fèrè gbọọrọ, ṣaworo, ohùn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú igbó lóru. Ṣé orin òkú ni? (Ìyá oníṣu, Kétu)

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá wa. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ fèrè yẹn, alphorn. Ó lè gùn ju mítà 3 lọ, kò sì ní ihò ìka kankan. Ètè àti èémí nìkan ló ń yí ohùn rẹ̀ padà. Láyé àtijọ́, àwọn darandaran ló máa ń fi í pe ara wọn láti òkè dé òkè.

Ní ti ṣaworo, nígbà òtútù, àwọn Perchten, ìyẹn àwọn tó ń bojú ṣeré ní Ọ́stríà, máa ń jáde lóru, ìbòjú igi lójú wọn, ṣaworo lára wọn, láti lé ẹ̀mí burúkú. Ẹ ò rí i pé Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa náà, òru ni! Ẹ pa iná, kí ẹ tún un gbọ́.