Bí ẹ ti tọrọ ìdáríjì títí tí ọkàn yín kò sì balẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá Ọlọ́run ti kọ̀ yín, torí ó ti pé oṣù mélòó kan tí ẹ ti ń fi ààwẹ̀ àti àìsùn tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, mo mọ bí ó ṣe ń rí lára. Ọlọ́run kò kọ̀ yín. Ohun tí ó pẹ́ kí èmi fúnra mi tó gbà ni pé apá kan máa ń wà nínú ìrònúpìwàdà tí a ń fò, tí a óò wá máa fi àdúrà dí àlàfo rẹ̀. Àdúrà kì í dí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe jẹ́wọ́. "Olúwa, dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí" dára, àmọ́ kò tíì dárúkọ nǹkan kan. Léfítíkù 5:5 ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀ nínú ohun náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ olè ni, ẹ pè é ní olè; ẹ má pè é ní àṣìṣe. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ìgbà tí ẹ ṣe é, àti ẹni tí ó dùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa igi pa gbogbo gbólóhùn tí ẹ ti di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le! Ọba Sọ́ọ̀lù náà sọ pé òun ti ṣẹ̀, nínú 1 Sámúẹ́lì 15, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ènìyàn ni òun bẹ̀rù, ó sì tún bẹ Sámúẹ́lì pé kó bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà. Dáfídì ní tirẹ̀, nígbà tí wòlíì Nátánì bá a wí, kò ju "Èmi ti ṣẹ̀ sí Olúwa" lọ. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lórí ìwé yín, ẹ kà á sí Ọlọ́run létí, kí ẹ sì ya á, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èyí tí a ń sá fún jù ni àtúnṣe. Léfítíkù 6 ní kí ẹni tí ó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ dá ojú owó náà padà, kó sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un: bí ó bá jẹ́ 100, yóò san 120. Sákéù agbowó-orí ní tirẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí ìlọ́po 4; ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n tí a fi dè yín. Ẹ kíyè sí ẹni tí owó náà ń lọ bá. Ẹni tí ó ni owó náà ni. Bí kò bá sí mọ́, àwọn ìbátan rẹ̀ ni, àfi bí kò bá ní ìbátan kankan ni Númérì 5:8 tó ní kó di ti Olúwa. Kí ẹni tí a jà lólè wà láàyè, kí a wá gbé owó rẹ̀ lọ sínú àpótí ọrẹ, ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́, ẹ lọ sọ fún un, kí ẹ sì máa san án díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá dá.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́ ni, ẹ̀bẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kò tó. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ rò ó fún, kí ẹ sọ pé irọ́ ni. Tí ẹ bá ń bẹ onítọ̀hún, ẹ má ṣe sọ pé "bí mo bá ṣẹ̀ ọ́". Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má sì kó àgbààgbà lọ láti fi tipá gba ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gba àkókò, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àgbèrè yàtọ̀ díẹ̀: kí ẹ tó tú u sílẹ̀ nílé, ẹ lọ bá olùṣọ́-àgùntàn kan tí ó dàgbà, tí ó sì lè pa àṣírí mọ́, torí pé ìjẹ́wọ́ tí a kàn fi sọ ẹrù kúrò lórí ara wa lè fọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ dí ọ̀nà tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ń gbà wọlé pẹ̀lú. Nọ́ńbà fóònù tí ó máa ń mú yín padà síbẹ̀, ẹ pa á rẹ́ lónìí. Bí ẹ bá tún ṣubú, ẹ padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí ojú kò ní tì yín mọ́. Bí ẹnì kan bá sì wà tí ẹ̀yin náà kọ̀ láti dárí jì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Mátíù 6:15 kò fi bò rárá pé ẹni tí kò bá dárí ji ènìyàn, Baba kò ní dárí jì í.

Síbẹ̀, ẹ má sọ àtúnṣe di owó tí a fi ń ra àánú. Júdásì dá 30 owó fàdákà tí ó gbà láti ta Jésù padà, ó tún jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn olórí àlùfáà ló gbé e lọ, wọ́n sì ní kí ló kan àwọn. Pétérù, tí ó sẹ́ Jésù, sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ nígbà tí Jésù padà wá. Ìyàtọ̀ inú 2 Kọ́ríńtì 7:10 nìyẹn: ìbànújẹ́ kan ń lé ènìyàn lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, èkejì ń lé e lọ síbi ikú.

Wàhálà tí ẹ̀ṣẹ̀ náà dá sílẹ̀ lè máà tán o. Ọmọ Dáfídì kú lẹ́yìn tí Nátánì ti sọ fún un pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n bóyá a ti dárí jì yín. 1 Jòhánù 1:9 gbé e ka orí òtítọ́ àti òdodo Ọlọ́run. Kò gbé e ka orí bí ó ṣe ń ṣe yín.

Tí ẹ bá ti jẹ́wọ́, tí ẹ sì ti ṣe àtúnṣe tí agbára yín ká, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sínú Bíbélì yín. Bí ìrònú náà bá tún jí yín lóru, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tuntun. Ẹ ṣí i wò, ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà sùn. Ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù 15 ti múra láti sọ pé kí baba òun fi òun ṣe alágbàṣe. Kò tíì débẹ̀ tí baba fi ní kí wọ́n gbé aṣọ wá.