Ṣé oògùn antisense máa ń pa jíìnì tó ń fa àìsàn rẹ́?

Ẹ bèèrè láti Ìkòròdú, nítorí ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣàìsàn, bóyá oògùn antisense máa ń pa jíìnì tó ń fa àìsàn rẹ́. Kì í pa á rẹ́, kì í sì í fọwọ́ kan DNA rárá. Jíìnì máa ń fi ẹ̀dà àṣẹ rẹ̀, tí à ń pè ní mRNA, ránṣẹ́ sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì. Irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú oògùn yìí, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń tó lẹ́tà 15 sí 25 (ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi ń kọ àṣẹ jíìnì), ni wọ́n ṣe kí ó lè so mọ́ ẹ̀dà náà bí bọ́tìnnì ṣe ń wọ ihò rẹ̀, kí ẹ́ńsáìmù RNase H tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì lè gé e, kí purotéènì tó ń ṣèpalára sì dínkù.

Wọ́n ń gún tofersen, ọ̀kan lára àwọn oògùn antisense, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 fún àìsàn ALS (èyí tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀) tó ti ọ̀dọ̀ jíìnì SOD1 wá, sínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká, nítorí pé ó ṣòro fún irú oògùn bẹ́ẹ̀ láti gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọjọ́ 28 síra wọn ni wọ́n ń tún un gún, torí sẹ́ẹ̀lì kò yé ṣe ẹ̀dà tuntun. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n yín tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́ náà, àwọn ọmọ wọn ṣì lè jogún jíìnì ọ̀hún.