Ṣé wúrà wà lábẹ́ Òṣogbo, àbí ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà nìkan ló wà?

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wúrà tí ẹ ń gbọ́ yẹn wà, kì í ṣe abẹ́ ìgboro Òṣogbo. Òkúta àtayébáyé tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní schist ló tẹ́ lọ rẹrẹ níbẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti sán láyé ìgbà kan sì gba Ìfẹ́wàrà kọjá. Omi gbígbóná gba inú òkúta tó sán gòkè láti ìsàlẹ̀, ó tutù, ó sì fi wúrà sílẹ̀ sínú òkúta funfun quartz. Irú èyí ló wà ní Ìpérìndó. Ti Ìtagúnmodì àti Igun yàtọ̀: òjò àti odò ti fọ́ òkúta náà kúnná, inú iyẹ̀pẹ̀ etídò ni wúrà wà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi omi jọ̀ ọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń wà á. Ilé iṣẹ́ ńlá kò tíì pẹ́ rárá. Ọdún 2021 ni Segilola, ibi ìwakùsà wúrà ńlá tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, yọ́ wúrà àkọ́kọ́.

Èyí tó kàn wá ní Òṣogbo gan-an ni omi. Ẹrẹ̀ ibi ìwakùsà ń ṣàn wọ odò Ọ̀ṣun, ó sì ń gba inú Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2005 kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi odò náà.