Ẹ Bi Olùkọ́: Òkúta tí a jù sókè láti orí òrùlé

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé, aṣọ ni mo sì ń rán. Ọmọbìnrin mi wà ní SS2, ó ń múra ìdánwò Físíìsì, ìbéèrè kan nínú ìwé rẹ̀ sì dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ẹnì kan dúró sórí òrùlé ilé tó ga ní mítà 20, ó ju òkúta tó wúwo tó ìdajì kílò sókè gan-an pẹ̀lú ìyára mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òkúta náà lọ sókè, ó padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí a lo 10 fún òòfà ilẹ̀, kí a sì sọ iye àkókò tí òkúta lò kó tó kanlẹ̀. Ọmọ mi ní ìṣẹ́jú àáyá 2 ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ní 1 ni. Ẹ̀yìn ìwé ní 4 ni. Èmi kò ka Físíìsì, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń tàn wá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Kubwa, Àbújá

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ìwé ló tọ̀nà, ìṣẹ́jú àáyá 4 ni. Síbẹ̀, ohun tó mú kí lẹ́tà yín dùn mọ́ mi nínú ni pé ìdáhùn àwọn ọmọ yín méjèèjì kì í ṣe ìranù rárá. Ìbéèrè mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni òkúta yóò lò bí a bá kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ láti orí òrùlé náà láì tì í. Ìṣẹ́jú àáyá 1 ni yóò lò bí a bá fi ìyára 15 yẹn jù ú sí ìsàlẹ̀. Òkúta inú ìwé yín, òkè ni wọ́n jù ú sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni àwọn méjèèjì sì fò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè gbà ni pé kì í ṣe ìgbà tí òkúta bá yíjú sí ìsàlẹ̀ ni òòfà ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú un. Láti ìgbà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú títí tó fi kanlẹ̀, òòfà yẹn nìkan ló ń darí rẹ̀, ìbáà máa lọ sókè, ìbáà máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, òòfà ń yọ mítà 10 kúrò nínú ìyára tó fi ń gòkè, nígbà tí kò bá sì sí èyí tí yóò yọ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi 10 kún èyí tó fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìrìn kan ṣoṣo ni, òfin kan ṣoṣo ló sì ń darí rẹ̀. Ìyára ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fi u dúró fún, jẹ́ ohun tí ọwọ́ fi ta òkúta lọ́rẹ. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ kò ní ipa kankan níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí ọmọ yín tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ya ọfà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ láti fi hàn pé òkè ni òun mú gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àmì àròpọ̀. Bí ó bá ti yàn bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó bá kọrí sí òkè yóò gba àmì àròpọ̀, gbogbo ohun tó bá kọrí sí ìsàlẹ̀ yóò sì gba àmì àyọkúrò, kò sì gbọdọ̀ yí i padà láàárín ọ̀nà. Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé kí a mú òòfà ní àròpọ̀ nígbà tí nǹkan bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, kí a mú un ní àyọkúrò nígbà tí ó bá ń lọ sókè. Èmi kò fara mọ́ ìlànà yìí. Òkúta tí ọmọ yín ń bá jà ṣe méjèèjì nínú ìrìn kan. Àmì wo ni kí ó wá mú?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ìyára ìbẹ̀rẹ̀ kọrí sí òkè, nítorí náà u = +15. Òòfà ń fà á sí ìsàlẹ̀, nítorí náà a, ìyẹn bí ìyára ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, jẹ́ −10. Ibi tí wàhálà wà jù lọ ni s. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé s ni gbogbo gígùn ọ̀nà tí òkúta rìn, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí ó parí sí ni a ń wò sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Orí òrùlé ló ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ló parí sí, ilẹ̀ sì fi mítà 20 wà nísàlẹ̀ òrùlé; s = −20 nìyẹn, bó ti wù kí òkúta náà ga tó kó tó padà. Fọ́múlà wa ni s = ut + ½at², t sì ni àkókò tí a ń wá. Bí a bá fi àwọn nọ́ńbà sí i, a ó rí:

−20 = 15t − 5t²

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, kí ẹ fi 5 pín in, yóò di t² − 3t − 4 = 0, ìyẹn (t − 4)(t + 1) = 0. Nítorí náà, t jẹ́ 4 tàbí −1. Àkókò wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òkúta kúrò lọ́wọ́, a ó mú 4.

Ọmọ yín obìnrin gbàgbé 15 pátápátá, ó kọ 20 = 5t², ó sì rí 2. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rántí 15, ṣùgbọ́n ó fi àmì àròpọ̀ sí gbogbo nǹkan: 20 = 15t + 5t². Ẹni tó bá kọ ọ́ báyẹn ti ju òkúta sí ìsàlẹ̀ láì mọ̀. Ó jẹ́ àṣìṣe ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa, òun sì ni mo máa ń rí jù lọ nínú ìwé àwọn ọmọ tó já fáfá.

Mo mọ̀ pé −1 yẹn yóò máa jẹ ẹnì kan níyà lọ́kàn, nítorí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kàn wọ́gi lé e. Ó ní ìtumọ̀ o. Ká ní kì í ṣe orí òrùlé ni wọ́n ti ju òkúta yẹn, ká ní ẹnì kan tó wà nílẹ̀ ló fi ìyára 25 jù ú sókè ní ìṣẹ́jú àáyá 1 ṣáájú; yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé pẹ̀lú ìyára 15 gẹ́lẹ́, ẹni tó wà lókè kò sì ní lè fi ìyàtọ̀ sí i. Ẹ tún wo nǹkan mìíràn tó máa ń dùn mọ́ mi: ẹ fi 4 ti ìwé ṣe ìlọ́po 1 ti ẹ̀gbọ́n, ẹ ó rí 4, ẹ fi 2 ti àbúrò ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, 4 náà ni. Kì í ṣe kòńgẹ́. Ilé yòówù kó jẹ́, ìyára yòówù kó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, bí ìyára tí a fi jù ú sókè àti èyí tí a fi jù ú sísàlẹ̀ bá ti dọ́gba.

Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ 4 náà wò, kí wọ́n pín ìrìn náà sí méjì. Ìyára 15 yóò tán nínú ìṣẹ́jú àáyá 1.5, òkúta yóò sì ti fi mítà 11.25 ga ju òrùlé lọ. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ jẹ́ mítà 31.25, èyí tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà yìí kò burú, ṣùgbọ́n àyè àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, mi ò sì ní gba ẹni tí aago ìdánwò ń lé nímọ̀ràn pé kó gba ibẹ̀.

Nípa ìdajì kílò tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n kàn fi dán ọmọ wò ni. Kò wọ inú ìṣirò yìí rárá. Ní 1971, David Scott tó bá Apollo 15 lọ sínú òṣùpá jọ̀wọ́ òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́, wọ́n sì kanlẹ̀ pọ̀. Ní tiwa níbí, afẹ́fẹ́ yóò dá ìyẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ohun tó lè ṣe fún òkúta láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni 10 tí wọ́n fún wa: òòfà ilẹ̀ ní Àbújá sún mọ́ 9.78, bí ẹ bá sì lò ó, ìdáhùn yóò di nǹkan bíi 4.07.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán sà. Bí òkúta tí a jù sókè bá dé òkè téńté, ìyára rẹ̀ di òdo. Ṣé acceleration rẹ̀, ìyẹn bí ìyára rẹ̀ ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, náà kò di òdo níbẹ̀ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́, Samaru, Zaria

ÌDÁHÙN

Rárá, àbúrò mi. Bí méjèèjì bá di òdo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tí yóò mú un padà wálẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni yóò máa wà títí. Wo ìyára rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé téńté: +1 ni. Wo ó ní ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀: −1 ni. Ìyára ti yí padà ní 2 láàárín ìdá méjì nínú mẹ́wàá, ìyẹn 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì kọrí sí ìsàlẹ̀. Fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dán an wò, 10 náà ni wàá rí.